Àwọn Ẹ-Fi-Wá-Sílẹ̀ àti Ṣọ́ọ̀bù Irun Wa

Obìnrin tí ìjọba rán wá ti ṣọ́ọ̀bù wa pa kọ́kọ́ yin iṣẹ́ wa. Ó dúró lẹ́yìn oníbàárà tí mo ń di irun fún, ó tẹ̀ síwájú láti wo ojú ìlà tí mo là, ó sì ní òun kò rí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí. Mo tẹjú mọ́ irun náà. Bí ènìyàn bá yìn mí, ojú máa ń tì mí ju ìgbà tí wọ́n bá bú mi lọ. Ẹ̀yìn ìyẹn ló bèèrè ìwé àṣẹ.

A kò ní ìwé àṣẹ. A kò tilẹ̀ mọ̀ pé irun dídì ń fẹ́ ìwé àṣẹ. Nílé wa, ọmọbìnrin tó bá ti lè jókòó sórí àpótí, tó sì ní sùúrù, orí àbúrò rẹ̀ ni yóò fi kọ́ṣẹ́ títí ìka rẹ̀ yóò fi mọ ọ̀nà. Obìnrin náà ṣàlàyé fún Àǹtí mi pé ní Texas, ẹni tó bá ń fọwọ́ kan irun ènìyàn, tó sì ń gba owó, gbọ́dọ̀ lọ sí ilé-ìwé àwọn aṣerunlóge, kí ó kọ́ oògùn tí a fi ń na irun, aró tí a fi ń pa á láró, àti bí a ṣe ń gé e, kí ó sì yege nínú ìdánwò. Àǹtí bèèrè bóyá wọ́n ń kọ́ni ní irun dídì níbẹ̀. Ó ní rárá. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó rí i fúnra rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò gún régé, ṣùgbọ́n ó lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn gíláàsì wa, ó dágbére fún wa, ó sì lọ.

Mo ti di orí oníbàárà mi dé ìdajì nígbà náà. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, báńkì ló ti ń ṣiṣẹ́, ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló sì fẹ́ fi irun náà lọ. Ó jókòó síbẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan apá tó ti parí, ó tún ń fi ọwọ́ kan apá kejì tó dúró bí igbó. Ìgbà náà ni bàbá òyìnbó tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa yọjú. Ó ń pọ́n ọ̀bẹ àti àlùmọ́gàjí fún àwọn télọ̀ àti àwọn alápatà. Ó ka ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí, ó padà sínú yàrá tóóró rẹ̀, ó ti àwọn ẹ̀rọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gbé àga kan sáàárín wọn, ó sì ní kí oníbàárà wá jókòó.

Ó ní, “Ilẹ̀ tèmi nìyí. Kí wọ́n wá lé mi.”

Ibẹ̀ ni mo ti parí irun náà, nínú òórùn irin gbígbóná, tí èérún irin sì ń gún mi lẹ́sẹ̀.

Bàbá ni a máa ń pè é. Ó ti kọ́kọ́ bẹ̀ wá pé kí a má fi àgbà pe òun, pé kò sí ẹni tó ju ẹnìkejì lọ, kí a máa pe òun ní orúkọ tí ìyá òun sọ òun. Àǹtí ní ẹnu àwọn kò lè gbà á. Wọ́n jọ já a sí “Bàbá”, ṣùgbọ́n ó ní kí a ṣáà máa bá òun sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ “ó” fún un níhìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Kò bímọ. Ó wà nínú ẹgbẹ́ kékeré kan tí wọ́n ń pe ara wọn ní líbátéríánì, tí wọ́n gbà pé ohun tí ìjọba bá fọwọ́ kàn, bíbàjẹ́ ni yóò bàjẹ́, kí ìjọba sì fi oníkálukú sílẹ̀ pẹ̀lú ohun ìní rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ara rẹ̀. Àǹtí mi sọ wọ́n ní Ẹ-fi-wá-sílẹ̀. Nígbà tí ìjọba ṣòfin pé kí gbogbo awakọ̀ máa de bẹ́líìtì, Bàbá tó ti ń de bẹ́líìtì láti ọdún pípẹ́ tú tirẹ̀ sílẹ̀, kò sì dè é mọ́. Àǹtí ní, “Bí ìjọba bá pàṣẹ pé kí Bàbá má kú, yóò kú lọ́jọ́ náà ni.” Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un pẹ̀lú ìtìjú, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Ó sọ fún wa lọ́jọ́ kan pé kò yẹ kí ìjọba ni ọ̀nà ọkọ̀ pàápàá. Àǹtí bi í pé ta ni yóò máa tún un ṣe. Ó ní àwọn tó bá fẹ́ gba ibẹ̀ kọjá ni. Àǹtí ní, “Bàbá, ẹ kò tíì dé Èkó.”

Ẹ̀rín pọ̀ láàárín àwa mẹ́ta. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí n tó kọ ìyókù.

Àǹtí mi yìí, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Tọkọtìyàwó ni wọ́n jọ wá sí Houston, nígbà tí ọkọ ń kàwé lórí epo rọ̀bì. Ọkọ kàwé tán, ọkọ ríṣẹ́, ikú sì mú ọkọ lọ lọ́dún náà gan-an. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọ̀dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú ni wọ́n sì fi í sí nígbà tí wọ́n ń bọ̀, nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ọdún kan tàbí méjì ni. Nígbà tí èmi fi dé ọ̀dọ̀ wọn láti wá ràn wọ́n lọ́wọ́, ọmọ tó ń kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ nígbà tí wọ́n fi í sílẹ̀ ti ń pọnmi, ó sì ti ń ka Bíbélì fún ìyá àgbà.

Nítorí ọmọ yìí ni a ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn ìmígíréṣọ̀n ní ẹni tó bá fẹ́ mú ọmọ wá gbọ́dọ̀ fi hàn pé iṣẹ́ òun lè bọ́ ọ. Nígbà náà Àǹtí ń ṣiṣẹ́ ní ilé àwọn arúgbó ní Baytown, lẹ́yìn Houston, wọ́n ń wẹ̀ fún àwọn tí kò lè dìde mọ́, wọ́n ń yí wọn padà lórí ibùsùn. Owó iṣẹ́ yẹn kò tó lójú ìmígíréṣọ̀n. Àǹtí fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n gba ṣọ́ọ̀bù ní àdúgbò Gulfton, níbi tí owó ilé ti wálẹ̀ nítorí pé owó epo ti já lulẹ̀, àwọn òyìnbó ọ̀dọ́ tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì ti kó lọ. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n gbẹ́ fún àwọn yẹn ṣì wà láàárín ọgbà àpátímẹ́ǹtì wa. Ewé kún inú rẹ̀. Agbẹjọ́rò kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sọ fún Àǹtí pé bí ṣọ́ọ̀bù náà bá lè dúró títí di ìgbà tí a óò san owó orí lọ́dún tó ń bọ̀, kí ìwé owó orí lè fi èrè rẹ̀ hàn, ọmọ náà yóò dé. Ó ku oṣù díẹ̀ kí ìgbà náà pé nígbà tí obìnrin yẹn fi wá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹnìkan lè bèèrè pé kí ló dé tí a kò lọ sí ilé-ìwé náà. Ìwé mẹ́fà ni èmi kà. Àǹtí kò kà tó bẹ́ẹ̀. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìdánwò, ṣọ́ọ̀bù yóò sì wà ní títì ní gbogbo ìgbà tí a bá ń kọ́ ọ. A lè máa dirun nínú kíṣìnì, bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí a ń fi pa mọ́ kì í ṣe iṣẹ́ tí ènìyàn lè gbé lọ síwájú ìmígíréṣọ̀n.

Ọdún ìdìbò ni ọdún náà, wọ́n fẹ́ yan ààrẹ. Ọkùnrin tí ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì fà kalẹ̀ ń bọ̀ ní Houston, ó sì fẹ́ bá àwọn Ẹ-fi-wá-sílẹ̀ sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè fi ìbò wọn fún òun dípò kí wọ́n fi í ṣòfò lórí ẹni tiwọn tí kò lè wọlé láé. Ó yà mí lẹ́nu pé irú ènìyàn ńlá bẹ́ẹ̀ lè wá àwọn àgbàlagbà tó máa ń pàdé lẹ́yìn ilé oúnjẹ kan láti jíyàn. Bàbá ní òótọ́ ni pé àwọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí apá méjèèjì òṣùwọ̀n bá dọ́gba, iyọ̀ tí a fi ìka méjì bù ti tó láti tẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ràn ọkùnrin náà. Ó ní irú wọn kì í rántí òmìnira àyàfi tí ìdìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò pé ó lè wúlò fún wa. Àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ń wá ẹnìkan tí ìjọba ti ba iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́, tí olùdíje lè pè jáde níwájú gbogbo ènìyàn, Bàbá sì sọ̀rọ̀ wa fún wọn.

Wọ́n rán ọmọbìnrin kan sí wa. Kò lè ju ọjọ́ orí mi lọ, ṣùgbọ́n ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí kò sí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ rí. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá ni a ti pàdé, nítorí tiwa ti wà ní títì. Ó ní olùdíje yóò sọ ìtàn Àǹtí ní Houston, yóò sọ ọ́ ní gbogbo ibi tó bá tún lọ, àti pé àwọn tó ń ṣe òfin irun ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó ní kí Àǹtí wọ aṣọ ìlú wọn. Ó wá kọ́ wọn ní ohun tí wọn yóò sọ, gbólóhùn mẹ́ta péré. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé: N kò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba. Ọwọ́ mi ni mo fi ń jẹun. Kí ìjọba fi mí sílẹ̀ kí n ṣiṣẹ́ mi.

Àǹtí ń kà á nídìí iná, wọ́n ń kà á nínú báàfù. Ahọ́n wọn kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò gbà á. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí a ń ṣa ẹ̀wà, wọ́n sọ ọ́ jáde.

Wọ́n ní, “Ìwọ wò ó. Ta ní ń lọ bẹ àgbà lórí ọ̀ràn kan, tí yóò dúró ṣánṣán bí ọ̀pá, tí yóò ní òun ò fẹ́ nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀?”

Mo ní bóyá bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀ níbí nìyẹn.

“Ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ìyẹn, ìjà ni.”

Wọ́n ń ṣa ẹ̀wà lọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní nǹkan kan ni àwọn fẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ọmọ àwọn sì ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ń lọ sílé. Àǹtí gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kó bá àwọn fún ọmọ. Wọ́n sọ fún ọmọ náà pé àwọn fẹ́ rí bàbá kan tó ṣeé ṣe kó di ààrẹ Amẹ́ríkà, kó gbàdúrà, pé bí bàbá náà bá sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Hòtẹ́ẹ̀lì kan létí títì márosẹ̀ tó lọ sí Katy ni ìpàdé náà wà, ní òwúrọ̀. Bàbá wá fi ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ gbé wa. Ó wọ kóòtù, èyí tí n kò rí lọ́rùn rẹ̀ rí, òórùn káfúrà sì wà lára rẹ̀. Àǹtí wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ojú ọ̀run, wọ́n wé gèlè kékeré. Wọ́n rẹwà púpọ̀. Gbogbo ọ̀nà ni wọ́n ń mi ètè láìsọ̀rọ̀, mo sì mọ̀ pé gbólóhùn mẹ́ta yẹn ni.

Àwọn Ẹ-fi-wá-sílẹ̀ kún gbọ̀ngàn ju bí mo ṣe rò lọ. Wọn kò jọ ara wọn. Àwọn kan wọ bàtà àwọn darandaran, àwọn kan jọ tíṣà, ọkùnrin kan ti irun gígùn rẹ̀ sẹ́yìn bí obìnrin. Nígbà tí olùdíje wọlé, wọn kò dìde. Bàbá sọ sí mi létí pé àwọn kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin náà ga, irun rẹ̀ funfun, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ̀tún àti òsì. Ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwàdà, ẹ̀rín wọn sì lọ́ tìkọ̀. Ó ní òun náà kórìíra kí ìjọba máa ti ọwọ́ bọ àpò ènìyàn. Ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé ọwọ́ ta ló ti ń wà níbẹ̀ láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín nígbà náà dáadáa. Mo rí i pé ó ń wá ohun tí yóò fi mú wọn. Ó wá ní obìnrin kan wà níbí tí ọgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin. Ó na ọwọ́ sí ọ̀dọ̀ wa.

Àǹtí dìde. Wọ́n rìn lọ sí iwájú, gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún wọn, ó dùn mọ́ mi nínú débi pé omi bọ́ lójú mi. Olùdíje na ọwọ́ láti bọ̀ wọ́n lọ́wọ́. Àǹtí fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí gèlè wọn ń lọ sílẹ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀. Eékún méjèèjì ni wọ́n fi kanlẹ̀, orí wọn tẹ̀, ọwọ́ ọkùnrin náà sì wà láàárín ọwọ́ wọn. Mo gbọ́ tí wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà.” Yorùbá ni wọ́n fi sọ ọ́. Kò sí ọ̀kan nínú gbólóhùn mẹ́ta náà tó jáde.

Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Àwọn wọ̀nyí, ẹni tí kò ní dìde lórí àga fún ẹni tó fẹ́ di ààrẹ ni wọ́n, wọ́n sì ń wo obìnrin dúdú kan lórí eékún níwájú òyìnbó. Kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í bù yẹ̀rì. Ojú olùdíje pọ́n. Ó fẹ́ gba ọwọ́ rẹ̀, Àǹtí kò fi í sílẹ̀. Ó ń sọ fún wọn pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n dìde, ohùn rẹ̀ sì ń lọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn kí gbogbo ayé gbọ́. Àǹtí kò dìde. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í dìde títí àgbà yóò fi súre fún un. Wọ́n ń dúró de ìre.

Ọkùnrin kan kígbe láti ẹ̀yìn pé, “Dìde, ìyáàfin. A kò ní ọba níbí.” Òmíràn fi olùdíje ṣe yẹ̀yẹ́, ó bi í bóyá kí àwọn náà wá fi ẹnu kan òrùka rẹ̀. Ẹ̀rín sọ. Kì í ṣe Àǹtí ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà náà pàápàá, ṣùgbọ́n orí Àǹtí ni ẹ̀rín náà ń gbà kọjá. Ọmọbìnrin tó kọ́ wọn lọ́rọ̀ sáré jáde, òun àti ọkùnrin kan di apá wọn mú, wọ́n gbé wọn dìde, wọ́n sì mú wọn gba ẹ̀gbẹ́ kan jáde. Olùdíje nu ojú, ó sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó orí. Kò dárúkọ irun mọ́.

Bàbá wa ọkọ̀ dé iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó ń wo gíláàsì iwájú. Ó ní bí òun bá ti mọ̀ pé Àǹtí yóò kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yẹn, òun kì bá tí mú wọn lọ síbẹ̀. Ó ní gbogbo ayé òun ni òun ti fi ń sọ pé kí ènìyàn má kúnlẹ̀ fún irú wọn. Ó ní ojú ti òun.

Mo ń túmọ̀ rẹ̀, mo sì ń fo èyí tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n Àǹtí ti gbọ́ èyí tó pọ̀ jù. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn, èyí tó tọ́ ju gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tí mo ti gbọ́ lẹ́nu wọn rí. Wọ́n ní:

“Eékún mi ni. Ẹ fi mí sílẹ̀.”

Àǹtí sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ká ìró wọn sókè, wọ́n sì rìn lọ sílé.

Àwòrán náà jáde nínú ìwé ìròyìn ní ọjọ́ kejì. Àwọn tó ń bá olùdíje náà du ipò fi í ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní ọba ló fẹ́ jẹ. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì wa pín sí méjì. Ìyá kan ní Àǹtí ṣe dáadáa, ọmọlúàbí ni. Dókítà kan tó ti kàwé níbí tipẹ́ ní wọ́n ti dójú tì wá, pé òyìnbó yóò máa rò pé bí a ṣe rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n èyí tó dun Àǹtí jù ni ti oníbàárà wa, obìnrin báńkì tí mo parí irun rẹ̀ lọ́dọ̀ Bàbá. Ó wá sí àpátímẹ́ǹtì wa pẹ̀lú ìwé ìròyìn náà lábẹ́ apá. Kò bínú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ Àǹtí, ó tẹ́ àwòrán náà sórí itan rẹ̀, ó sì ń sunkún. Ó ní ìyá àgbà òun fọ ilẹ̀ ilé òyìnbó lórí eékún títí ó fi kú, ìyá òun sì ti búra pé nínú àwọn ọmọ òun, kò ní sí ẹni tí òyìnbó yóò rí lórí eékún mọ́. Àǹtí gbá a mọ́ra. Wọ́n ń sọ fún un pé kó má bínú, wọ́n ń sọ ọ́ léraléra, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò tíì mọ ohun tí àwọn ṣe. Nígbà tó lọ, wọ́n bi mí pé, “Ṣé kí n má kí àgbà mọ́ ni?”

Ọmọbìnrin tí àwọn òṣìṣẹ́ olùdíje rán sí wa kò padà wá. Bàbá bá wa tẹ̀ wọ́n láago, ẹni tó gbé e ní ètò ti yí padà. Ọ̀rọ̀ irun ti kúrò nínú ohun tí olùdíje ń sọ. Àwọn Ẹ-fi-wá-sílẹ̀ fúnra wọn ń bá ara wọn jà lórí ẹni tó pe ọkùnrin náà, wọ́n sì gbàgbé ìwé tó wà lára ilẹ̀kùn wa. Ní ìparí oṣù, a kó àwọn àga jáde.

Ọjọ́ tí a ń kó o ni Bàbá tó tún bá Àǹtí sọ̀rọ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní òun ti ń ronú sí ohun tí wọ́n sọ nínú ọkọ̀, òtítọ́ ni, kò sì yẹ kí wọ́n jẹ́ ẹni tí yóò sọ ọ́ fún òun. Ó wá bèèrè, bí ẹni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn, pé kí ló yẹ kó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìkúnlẹ̀ náà nílé wa.

Àǹtí ń fi okùn di àga. Wọ́n ní, “Àgbà náà á súre fún mi. Á ní kí n dìde. Ó ti wá di dandan fún un nìyẹn, kò lè jẹ́ kí n lọ lọ́wọ́ òfo.”

Bàbá ní, “Ó ṣáà ní kí o dìde.”

“Kò súre.”

Bàbá yí fìlà náà po lọ́wọ́. Ó ní òun náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń súre, kò sí ẹni tó kọ́ òun. Ó gbé apá kan àga, Àǹtí gbé apá kejì, wọ́n sì jọ gbé e dé inú ọkọ̀. Lọ́jọ́ ìdìbò, ó sọ fún mi pé òun kò dìbò fún ẹnikẹ́ni.

Àǹtí padà sí ilé àwọn arúgbó ní Baytown. Ọ̀nà jìn, òkùnkùn ni wọ́n ń jáde, òkùnkùn ni wọ́n ń wọlé. Agbẹjọ́rò ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bóyá bí ọdún iṣẹ́ bá gorí ara wọn, ìmígíréṣọ̀n yóò gbà. Èmi ń dirun kiri nínú kíṣìnì àwọn ènìyàn, pẹ̀lú aṣọ fèrèsé ní títa sílẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi ni kásẹ́ẹ̀tì ọmọ náà dé, lọ́wọ́ arábìnrin tó lọ sílé. Arábìnrin náà ti pẹ́ ní Èkó nítorí àìsàn ìyá tirẹ̀. A gbé rédíò sórí tábìlì. A kọ́kọ́ gbọ́ ohùn adìyẹ, lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ tó ti yí padà sí ti ọmọ ńlá. Ó kí ìyá rẹ̀, ó kí mi, ó sọ ipò tó gbà ní kíláàsì. Ó wá ní:

“Màmá mi, ìyá àgbà ní tí ẹ bá dé iwájú bàbá tó fẹ́ di ààrẹ yẹn, ẹ má dúró o. Wọ́n ní kí ẹ kúnlẹ̀ dáadáa, wọ́n ní kò sí àgbà tí yóò rí i tí inú rẹ̀ kò ní yọ́. Èmi náà wà lórí ìkúnlẹ̀ báyìí tí mo ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n.”

Adìyẹ tún ké. A gbọ́ tí ìyá àgbà ń sọ fún un láti òkèèrè pé ó ti tó, kí ó pa á.

Àǹtí fi kásẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, wọ́n tẹ bọ́tìnì pupa. Mo rò pé wọn yóò sọ gbogbo rẹ̀ fún un, tàbí wọn yóò parọ́. Wọ́n fi ẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ náà.

Wọ́n ní, “Dìde, ọmọ mi. Mo ti kúnlẹ̀ fún un.”

Wọ́n gbìyànjú láti súre fún un lẹ́yìn ìyẹn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe ní ìparí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò jáde. Okùn kásẹ́ẹ̀tì ń yí lọ. Wọ́n tì í sọ́dọ̀ mi, wọ́n sì wọ yàrá lọ láti lọ to aṣọ iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Èmi tí n kì í lè sọ̀rọ̀ níwájú ènìyàn méjì, mo sọ fún àbúrò mi pé òtútù ti bẹ̀rẹ̀ ní Houston, pé ìyá rẹ̀ kò ṣàìsàn, pé kó máa fi epo sí irun rẹ̀ kó má baà já. Mo ń wá ọ̀rọ̀ kún un títí kásẹ́ẹ̀tì náà fi dé òpin.